Afárá Olójú Mọ́kànlélógún ní Glenfinnan

Oríṣìíríṣìí ni ohun tí ọmọ ènìyàn ń kọ́ sórí ilẹ̀ ayé. Àwọn kan wà tí a kọ́ nítorí ẹwà, kí ojú lè máa rí wọn kí inú sì máa dùn. Àwọn mìíràn wà tí a kọ́ nítorí ìwúlò, tí ẹni tí ó kọ́ wọn kò ronú kan ẹwà rárá. Síbẹ̀, nígbà mìíràn, èyí tí a kọ́ nítorí ìwúlò a máa lẹ́wà ju èyí tí a kọ́ fún ìran wíwò lọ, nítorí pé kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Irú rẹ̀ ni afárá ojú irin kan tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín nínú àròkọ yìí. Orúkọ ibi tí ó wà ni Glenfinnan, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Skọ́tlándì.

Ọ̀nà méjì ni ilẹ̀ Skọ́tlándì pín sí ní ti ìrísí. Ní apá kan ni ilẹ̀ tí kò ga púpọ̀ wà, níbi tí àwọn ìlú ńlá bíi Glasgow àti Edinburgh tẹ̀dó sí. Apá kejì jẹ́ ilẹ̀ olókè, ilẹ̀ olókùúta, tí àfonífojì jíjìn àti adágún omi gígùn pín sí wẹ́wẹ́. Àwọn ará ilẹ̀ olókè yìí ní èdè tiwọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, èyí tí a ń pè ní Gaelic, “loch” sì ni wọ́n ń pe adágún ní èdè náà. Ọ̀kan nínú àwọn adágún wọ̀nyí ni Loch Shiel. Ó gùn tó máìlì 17, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé odò ni. Ní orí adágún yìí, níbi tí odò kékeré kan tí ń jẹ́ Finnan ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ni abúlé Glenfinnan wà. Ní ẹ̀yìn abúlé náà ni afárá tí à ń wí yìí dúró sí, tí ó na ara rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè kan dé ẹ̀gbẹ́ òkè kejì.

Láti ìlú Fort William ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà mọ́tò lọ yóò rí afárá náà ní òkèèrè, yóò sì yìn ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba orí rẹ̀ kọjá ni yóò mọ ohun tí a torí rẹ̀ kọ́ ọ. Òjò ń rọ̀ wínníwínní ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu sì bo orí àwọn òkè. Ọkọ̀ wa ń gba àárín igi àti àpáta lọ jẹ́jẹ́. Lójijì, igi tán, ilẹ̀ sì já kúrò lábẹ́ wa ní ọ̀tún àti ní òsì. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí apá òsì díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo jókòó sí ìparí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀ńjìnnì tí ó ń fà wá níwájú, bí ìgbà tí ejò bá yí orí padà wo ìrù ara rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, odò Finnan rí bí okùn fúnfun kan tí ẹnìkan jù sórí koríko. Ní apá òsì, adágún náà na gbọọrọ lọ láàárín àwọn òkè, ó dúdú bí omi aró, títí ojú kò fi lè bá a mọ́. Gbogbo ariwo inú ọkọ̀ dákẹ́. Àwọn ọmọdé tí wọ́n ti ń ṣeré láti ìgbà tí a ti gbéra pàápàá dákẹ́.

Ṣùgbọ́n Glenfinnan ti ní ìtàn tirẹ̀ kí afárá tó débẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1745, Ọmọ-aládé Charles Edward Stuart, ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ti jẹ ọba kí wọ́n tó lé e kúrò lórí oyè, ta àsíá rẹ̀ sókè ní orí adágún yìí. Ó ké sí àwọn ìdílé olókè pé kí wọ́n wá bá òun gba adé ìdílé òun padà. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kọ́kọ́ bá a débẹ̀. Wọ́n ń retí, ọkàn wọn kò balẹ̀, títí wọ́n fi gbọ́ ìró fèrè àwọn ará ìdílé Cameron tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè ní ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún. Wọ́n jagun, wọ́n sì borí ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ìlú Derby. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1746, a fọ́ wọn túútúú ní pápá Culloden, ogun náà kò sì pé wákàtí kan. Ọmọ-aládé sá pamọ́ fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé. Àwọn tí kò rí ọkọ̀ wọ̀ ni wọ́n jẹ ìyà ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìjọba pa á láṣẹ pé ọkùnrin olókè kankan kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀ mọ́, ọdún 1782 ni a sì tó pa òfin náà rẹ́.

Ní ọdún 1815, ọ̀kan nínú ìran Macdonald kọ́ ilé ìṣọ́ gíga kan sí etí adágún náà fún ìrántí ọjọ́ yẹn. Ère kan wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò ni wọ́n rò pé ère Ọmọ-aládé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ère ọkùnrin olókè kan tí kò lórúkọ ni, tí ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ère yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún sọ̀rọ̀ àwọn aláìlórúkọ kí àròkọ yìí tó parí.

Lẹ́yìn ogun, ìṣẹ́ bá ilẹ̀ olókè jà. Àwọn onílẹ̀ rí i pé owó àgùntàn pọ̀ ju owó tí àgbẹ̀ kékeré ń san lọ, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn kí àgùntàn lè rí ibi jẹ̀. Àwọn kan kó lọ sí etí òkun, wọ́n di apẹja. Àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ lọ sí Kánádà, wọn kò sì padà mọ́. Nígbà tí ìrora náà pọ̀ jù, ìjọba rán ìgbìmọ̀ kan lọ gbọ́ ẹnu àwọn ènìyàn náà ní ọdún 1883, wọ́n sì ṣe òfin ní ọdún 1886 tí ó dáàbò bo àgbẹ̀ kékeré lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í yó ènìyàn. Ẹja pọ̀ nínú òkun ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n ọjà tí a ó ti tà á jìnnà. Bí a bá sì fi ẹja tútù sójú ọ̀nà pẹ́, kì í ṣe ẹja ni yóò dé ọjà bí kò ṣe òórùn.

Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún ojú irin. Èyí tí ó ti Glasgow wá dé Fort William ní ọdún 1894. Ó ku nǹkan bí 40 máìlì kí ó tó dé Mallaig ní etí òkun. Níbi yìí ni àríyànjiyàn ti dé. Àwọn oníṣòwò wo ilẹ̀ náà, wọ́n rí òkè, wọ́n rí àpáta, wọ́n rí abúlé kéékèèké tí ènìyàn kò pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì mọ̀ pé èrè kò lè ti ibẹ̀ wá. Ta ni yóò wá san owó rẹ̀? Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn kan sọ pé kò tọ́ kí a fi owó gbogbo ìlú ṣe ojú irin fún ìwọ̀nba ènìyàn. Àwọn mìíràn dáhùn pé bí a bá ń retí kí ọ̀nà kọ́kọ́ pa owó kí a tó là á, tálákà kò ní rí ọ̀nà gbà láéláé. Ní ọdún 1896, àwọn ẹni ìkejì borí. Ìjọba ṣe onígbọ̀wọ́ èlé 3 nínú ọgọ́rùn-ún lórí £260,000 tí a óò fi la ọ̀nà náà, bí ojú irin kò bá tilẹ̀ pa owó; wọ́n sì fi £30,000 kún un fún èbúté Mallaig. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá wo afárá tí ó lẹ́wà, ẹ má ṣe gbàgbé pé àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ kí a tó gbé òkúta kan lé òmíràn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1897, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tí ó gba iṣẹ́ náà ni Robert McAlpine ti Glasgow. Ní ìgbà náà, òkúta gbígbẹ́ tàbí irin ni wọ́n fi ń ṣe afárá ńlá. Òkúta pọ̀ lọ jàra ní ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó le jù fún agbẹ́kùúta. Bí a bá fẹ́ gbẹ́ ẹ dáadáa, àkókò àti owó yóò ṣòfò. McAlpine wá yan kọnkéré. Ó rí i pé àpáta tí òun ń fọ́ láti la ọ̀nà ni òun lè pò mọ́ sìmẹ́ńtì àti yanrìn. Báyìí ni ohun tí ó ń dí ọ̀nà ṣe di ohun tí a fi ń ṣe ọ̀nà. Wọn a fi pákó kan ohun kan bí àpótí ńlá, wọn a da kọnkéré sí i, wọn a jẹ́ kí ó gan, wọn a sì tú pákó náà kúrò. Nítorí iṣẹ́ yìí ni àwọn ènìyàn fi sọ McAlpine ní “Bob Oníkọnkéré”, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí ó fi kú.

Ó yẹ kí a béèrè ìdí tí a fi nílò afárá tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lórí odò kékeré tí ọmọ ilé-ìwé lè là kọjá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣe nítorí odò ni, nítorí àfonífojì ni. Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, irin sì ni ọ̀nà rẹ̀. Irin lórí irin a máa yọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ ojú irin kò lè sọ̀kalẹ̀ sínú ọ̀gbun kí ó sì tún gun òkè jáde bí ẹṣin tàbí bí mọ́tò. Ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí àfonífojì bá wà níwájú, àfi kí a gbé ọ̀nà náà sókè lórí òpó títí yóò fi dé òdìkejì.

Ojú 21 ni afárá Glenfinnan ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní 50 ẹsẹ̀ bàtà. Gígùn gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,248, ibi tí ó ga jù lọ sì ga tó 100 ẹsẹ̀ bàtà láti ilẹ̀. Kò tọ́ gbọnrangandan. Ó tẹ̀ bí ọrun. Bí a bá fa ìtẹ̀ náà yí ká títí yóò fi di róbótó, láti àárín rẹ̀ dé etí rẹ̀ yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 792. Kò sí irin kankan nínú kọnkéré rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi tẹ orí ojú kọ̀ọ̀kan bí òṣùmàrè. Kọnkéré dà bí ẹni tí ó lè ru ẹrù ṣùgbọ́n tí kò lè fa okùn: bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò gbà á, bí a bá fà á, yóò já. Bí ojú afárá bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹrù orí rẹ̀ yóò máa fa inú rẹ̀ ya. Bí ó bá tẹ̀ bí òṣùmàrè, ẹrù náà yóò máa ti apá kan lu apá kejì, gbogbo rẹ̀ yóò sì sọ̀kalẹ̀ sínú òpó, òpó yóò sì fi lé ilẹ̀ lọ́wọ́. Oṣù keje ọdún 1897 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ afárá náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1898 ó ti lè gbà kí a máa kó ẹrù iṣẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Gbogbo owó tí ó gbà jẹ́ £18,904.

Ṣùgbọ́n àwọn wo ni wọ́n gbé kọnkéré náà? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ, àwọn òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà náà lé ní 3,000. Àwọn kan jẹ́ ará erékùṣù ìwọ̀-oòrùn tí Gaelic jẹ́ èdè abínibí wọn. Àwọn kan ti ilẹ̀ Ireland wá. Àwọn mìíràn wá láti apá ìsàlẹ̀ Skọ́tlándì àti láti ìlú òkèèrè. Inú àgọ́ onípákó ni wọ́n ń sùn. Òjò ń pa wọ́n, òtútù ń mú wọn, wọ́n sì ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ní Lochailort, wọ́n sọ ilé-ìwé àtijọ́ kan di ilé ìwòsàn fún àwọn tí wọ́n bá fara pa.

Nínú àwọn tí wọ́n fara pa, ẹnìkan wà tí gbogbo ìwé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Malcolm ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Robert McAlpine ni, kò sì tíì pé ọmọ 20 ọdún. Ẹ̀tù fọ́ àpáta, òkúta sì bà á, ó ṣe é léṣe gidigidi, wọ́n rò pé kò lè yè. Bàbá rẹ̀ sáré mú oníṣẹ́-abẹ olókìkí kan, Hector Cameron, wá láti Glasgow. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ọmọ náà sì yè. Inú mi dùn pé ó yè, ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ṣùgbọ́n bí mo ti dúró lábẹ́ òpó afárá náà, tí mo fi ọwọ́ kan kọnkéré rẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí fún ọdún tí ó lé ní 120, àwọn mìíràn ni mo ń rò. Àmì pákó ṣì wà lára kọnkéré náà. Ó ṣeé fọwọ́ pa. Ẹnìkan ni ó kan pákó yẹn. Ẹnìkan ni ó da omi sí sìmẹ́ńtì yẹn. Bí òkúta bá ba irú ẹni bẹ́ẹ̀, bàbá ta ni yóò lọ sí Glasgow? Orúkọ McAlpine wà nínú ìwé, ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀, nítorí pé ó fi ọgbọ́n ṣe ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó ti kọ́ ère fún ọkùnrin olókè aláìlórúkọ tí ó jagun, kò tíì kọ́ èyí tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ fún aláìlórúkọ tí ó ru kọnkéré. Bóyá kò pọn dandan. Bóyá afárá náà fúnra rẹ̀ ni ère wọn.

Ìtàn kan kù tí n kò gbọdọ̀ fò. Láti ìgbà tí a ti kọ́ ojú irin yìí ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń sọ pé ẹṣin kan, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ó ń fà, já sínú òpó afárá nígbà tí wọ́n ń da òkúta sínú rẹ̀, pé a kò rí i yọ, àti pé inú òpó náà ni ó wà títí di òní. Àwọn bàbá sọ ọ́ fún ọmọ, ọmọ sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ. Afárá Glenfinnan ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí. Ní ọdún 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roland Paxton, onímọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ, pinnu láti mọ òtítọ́. Wọ́n lu ihò wọ inú àwọn òpó Glenfinnan tí ó tóbi tó láti gba ẹṣin, wọ́n sì ti ẹ̀rọ ayàwòrán sínú wọn. Wọn kò rí nǹkan kan bí kò ṣe òkúta. Àwọn tí wọ́n máa ń fi ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣe yẹ̀yẹ́ ì bá ti rẹ́rìn-ín pé irọ́ ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì jáwọ́. Afárá mìíràn wà lójú ọ̀nà kan náà, ní ibi tí a ń pè ní Loch nan Uamh, ní etí omi tí Ọmọ-aládé Charles ti gúnlẹ̀ ní ọdún 1745, tí ó sì ti bá ọkọ̀ lọ ní ọdún 1746. Òpó ńlá kan wà ní àárín afárá náà. Ní ọdún 2001, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ó ń wo inú ògiri láìfọ́ ọ yẹ òpó náà wò. Egungun ẹṣin àti àfọ́kù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìtàn àwọn àgbà kì í ṣe irọ́; ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ nìkan ni ó ti yí lọ sí ọ̀dọ̀ afárá tí ó lókìkí jù. Ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbà, ẹ má ṣe gbé e mì bẹ́ẹ̀, ẹ má sì ṣe sọ ọ́ nù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ihò àkọ́kọ́ bá ṣófo, kò tíì túmọ̀ sí pé kò sí ẹṣin.

Ọ̀nà náà ṣí fún èrò ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1901. Nígbà tí mo ka ọjọ́ yìí, ohun kan sọ sí mi lọ́kàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1901 kan náà ni ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Ìbàdàn ṣí, ó sì gùn tó nǹkan bí máìlì 120. Gómìnà Èkó ní ìgbà náà, William MacGregor, ọmọ Skọ́tlándì ni, ọmọ alágbàṣe oko sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ará erékùṣù ìwọ̀-oòrùn ń fọ́ àpáta ní etí adágún, àwọn ọmọ Yorùbá ń gé igbó, wọ́n ń gbé irin, wọ́n ń kó ilẹ̀ láti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá. Ẹja ni a fẹ́ kí ojú irin tiwọn kó jáde. Èso oko ni a fẹ́ kí tiwa kó lọ sí èbúté. Irin tiwa sún mọ́ ara ju tiwọn lọ: àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ìǹṣì 6 ni ó wà láàárín irin méjèèjì tiwa, tiwọn sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ìǹṣì 8½. Ọdún 2021 ni ojú irin tuntun tí àlàfo rẹ̀ bá tiwọn dọ́gba ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ohun kan dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀: ní ọ̀hún àti ní ìhín, orúkọ ọ̀gá ni a kọ sílẹ̀ ketekete, ti alágbàṣe ni a kà bí iye. Bóyá nínú àwọn bàbá ńlá yín ni àwọn kan wà tí wọ́n gbé irin yẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín kí ó tó pẹ́ jù.

Lónìí, ẹja kì í gba orí afárá Glenfinnan kọjá mọ́. Mọ́tò ẹrù ni ó ń kó o. Bí ó bá jẹ́ pé ẹja nìkan ni ó lè jẹ́ èrè ojú irin yìí, à bá ti sọ pé àwọn tí wọ́n takò ó ní ilé aṣòfin ni wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ṣì ń wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà àti ilé ìwòsàn. Láti ọdún 1984 sì ni ọkọ̀ tí èéfín omi gbígbóná ń wà ti padà sójú ọ̀nà náà ní ìgbà ooru fún àwọn arìnrìn-àjò. Láti ọdún 2002, tí afárá náà hàn nínú sinimá Harry Potter, ni àwọn ènìyàn ti ń ti gbogbo ayé rọ́ wá láti wò ó. Ní ọdún 2007, ilé ìfowópamọ́ Bank of Scotland tẹ àwòrán rẹ̀ sára owó pọ́n-ùn 10. Kò sí ẹni tí ó mọ ìwọ̀nyí tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1896. Ẹni tí ó gbin igi kì í sábà mọ gbogbo ẹyẹ tí yóò bà lé e.

Àwọn kan lè béèrè bóyá afárá kò ba ẹwà adágún náà jẹ́. Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀. Mo gun òkè kékeré kan ní ẹ̀yìn abúlé, mo wo adágún níwájú, mo yíjú padà wo afárá lẹ́yìn. Mo rí i pé kò bá àwọn òkè díje. Ó tẹ̀ níbi tí àfonífojì tẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti di eérú bí àpáta tí a fọ́ láti fi ṣe é. Adágún lẹ́wà nítorí pé kò sí ẹni tí ó ṣe é. Afárá lẹ́wà nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣe é, tí wọ́n sì ṣe é dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ṣe é jìnnà sí ojú àwọn ènìyàn ńlá. Wọn ì bá lè sọ pé ta ni yóò wo ẹ̀yìn òpó nínú àfonífojì tí kò sí èrò? Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí ọkọ̀ fi ń gba orí rẹ̀ kọjá títí di òní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kì í ṣe gbogbo yín ni a óò kọ orúkọ yín sínú ìwé. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ni a óò fi iṣẹ́ kan lé lọ́wọ́, ì báà ṣe ilé, ì báà ṣe ọ̀nà, ì báà ṣe ọmọ ọlọ́mọ láti kọ́. Ẹ ṣe é bí ẹni tí ó mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀ wá gba orí rẹ̀ kọjá.